Ohun tí káńtà ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ mi nípa iṣẹ́ sọ́fútíwíà

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ aládàáni kan tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo wà. Níbẹ̀, bí fóònù oníbàárà kan kò bá lè gbé ojú ìwé wa, á kúrò lọ́dọ̀ wa, á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Àwọn ọ̀gá mọ iye irú wọn tó lè lọ lóṣù kí owó ṣì máa wọlé, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjọba kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ kò lè lọ gbà á ní ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí ìpínlẹ̀ jẹ lówó kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é. Bí ohun tí mo kọ kò bá ṣiṣẹ́ fún un, kò síbòmíràn tó máa yà sí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ code (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) kọ, tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà síṣẹ́.

Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà, nítorí pé àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́ ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, ẹni tó ń wá iṣẹ́ ológun, ọlọ́pàá tàbí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sí èyí tí wọn kì í bi léèrè rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n kó fún wa, ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò le rárá: gba fọ́ọ̀mù, sanwó, kí akọ̀wé àgbà fọwọ́ sí i, gba ìwé rẹ. Àwọn kan nínú wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ code lọ́jọ́ náà. Èmi ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù.

Obìnrin àgbà kan ló wà nídìí káńtà yẹn, Ìyá Rẹ́jísìrì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ó fún mi ní àga, ó ní, “Ẹnjiníà, jókòó síbí, má sọ̀rọ̀, kó o kàn máa wò.” Ọmọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀. Màmá kò tíì wo fọ́ọ̀mù náà.

“Ọmọ agboolé wo ni ọ́, ọmọ mi?”

Ó dárúkọ agboolé náà.

“Ta ni olórí ẹbí yín báyìí?”

Ó dárúkọ ẹnì kan.

“Rárá o. Bàbá yẹn ti kú, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Lọ pe bàbá rẹ lórí fóònù, kí wọ́n sọ ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí fún ọ. Bó o bá dé, má tò mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni kó o máa bọ̀ tààrà.”

Ó fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí igun fọ́ọ̀mù náà, ó dá a padà fún un. Nígbà tí ọmọ náà jáde, mo bi í pé, “Mà, ibo ni wọ́n kọ ìbéèrè yẹn sí?” Ó ní wọn kò kọ ọ́ síbì kankan, àwọn tó bá níbẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀. Ó mọ ìfọwọ́sí àwọn baálẹ̀ tó wà lágbègbè náà bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ó mọ baálẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kọ lẹ́tà. Ó mọ agboolé méjì tó ń jà lórí oyè, tí lẹ́tà ọ̀kan kì í gba ti èkejì wọlé. Kò sí database (àkójọ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà) tí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí wà. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò gan-an nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba.

Nínú ètò tí wọ́n kó fún wa, tábìlì Màmá ni wọ́n ní ká yọ kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni fáìlì ti ń pẹ́ jù. Ká ní a yọ ọ́ ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ni ì bá máa di ọmọ ìbílẹ̀. A fi tábìlì náà sílẹ̀, a kọ ojú ìwé tirẹ̀ fún un, ìdáhùn mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀: mo mọ̀ wọ́n, kí baálẹ̀ jẹ́rìí, mo ní ìbéèrè. Ohun tó bá tẹ̀, ẹni tó ni fọ́ọ̀mù á rí i lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, á mọ ohun tó kù kí ó mú wá, kò sì ní wọ ọkọ̀ wá láti abúlé nítorí kí wọ́n lè sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́la. Ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan pẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè Màmá kọ́ ló ń fà á, bí kò ṣe pé ẹni tó wá kì í mọ ìbéèrè náà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo lè sọ di àárọ̀. Ètò tí a bá níbẹ̀, lẹ́tà A sí Z nìkan ló ń gbà nínú àpótí orúkọ. Kò gba àmì ohùn, kò gba àmì ìsàlẹ̀, kò gba orúkọ méjì tí wọ́n fi ìlà kékeré so pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ètò yìí kan náà ń fi orúkọ èèyàn wé èyí tó wà lórí NIN rẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, bí ọ̀kan bá yàtọ̀ á kọ̀ ọ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọmọ bàbá kan náà ni, ọ̀kan ń kọ Sonibare, èkejì ń kọ Shonibare, ẹ̀kẹta fi àmì sábẹ́ Ṣ. Ìwé ẹ̀rí WAEC kọ ọ́ bí olùkọ́ ṣe gbọ́ ọ, bánkì kọ ọ́ bí akọ̀wé wọn ṣe lè tẹ̀ ẹ́, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún NIN náà kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Obìnrin tó ti lọ́kọ ní orúkọ bàbá rẹ̀ lórí ìwé kan, ti ọkọ rẹ̀ lórí òmíràn. Ẹni kan ṣoṣo ló ni gbogbo ìwé wọ̀nyí. Kọ̀ǹpútà ní èèyàn mẹ́rin ni.

Ohun tí a ṣe ni pé a yọ àmì kúrò nígbà tí a bá ń fi wéra nìkan, a ka S àti SH sí ọ̀kan náà, a kò wo èyí tó ṣáájú nínú orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ, lẹ́yìn náà a gbé èyí tó bá ṣì yàtọ̀ síwájú èèyàn. A kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dá kọ ẹnikẹ́ni nítorí orúkọ. Orúkọ tí èèyàn bá sì kọ, bó ṣe kọ ọ́ ni a tọ́jú rẹ̀, àmì òun gbogbo.

Kí ẹ̀yin tó ń kọ code fara balẹ̀ ka apá yìí. Lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Kíbọọ̀dù kan á kọ ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀, U+1EB9, á wá fi àmì òkè, U+0301, lé e lórí. Òmíràn á kọ é tó ti ní àmì òkè lára, U+00E9, á wá fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni, Kẹ́hìndé kan náà á sì wà nínú database láìsí ẹni tó máa rí i bó bá wá a. Kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan, kí ó tó wọlé, kí ẹ sì ní òpó (column) mìíràn tí kò ní àmì, tí ẹ ó máa wá orúkọ nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tó wà nídìí káńtà kò ní ráyè wá àmì lórí kíbọọ̀dù. Ẹ tún ṣọ́ gígùn àpótí yín. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà Unicode, ọ̀ kan ṣoṣo ń gba báìtì (ẹyọ àyè inú kọ̀ǹpútà) márùn-ún, nígbà tí o lásán ń gba ẹyọ kan. Ètò tó bá ń ka báìtì, tó sì rò pé lẹ́tà lòun ń kà, á gé orúkọ gígùn bí Olúwafúnmiláyọ̀ láàárín. Ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí ni orúkọ gígé yẹn máa jáde lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó ní àmì jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bàbá kan tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ó kà á sókè pẹ̀lú ohùn, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ ẹ̀dà kan sí i. Mi ò rò pé iṣẹ́ kan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ìbejì ńkọ́? Ètò àtijọ́ ní òfin kan tó ń ṣọ́ àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà òbí bá ti bára mu, á ti ẹni kejì mọ́ ìta gẹ́gẹ́ bí oníjìbìtì. Ilẹ̀ Yorùbá lẹ ti fẹ́ lo irú òfin yìí, níbi tí wọ́n ti ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ, tí Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti di ìlú mọ̀-ọ́n-ká nítorí rẹ̀! Bí Táíwò bá ti kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé ti di ọ̀daràn. Àwọn kan dá a lábàá pé kí a máa fi ojú wé ojú, mo ní kí wọ́n rántí pé àwọn ìbejì kan jọra débi pé ìyá wọn gan-an máa ń ṣì wọ́n pè. A yí òfin náà padà. Kì í ti ẹnikẹ́ni mọ́ta mọ́, ó kàn ń pe òṣìṣẹ́ kó wá wò ó, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sì ń gbé síwájú òṣìṣẹ́ náà ni bóyá ìbejì ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà. NIN jẹ́ nọ́ńbà 11. BVN jẹ́ nọ́ńbà 11. Nọ́ńbà fóònù wa náà jẹ́ 11. Ẹni tó bá ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló máa tẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá kàn sọ fún un pé “àṣìṣe”, á tún un tẹ̀ títí ètò fi máa tì í. Tiwa ń wò ó: bí ó bá fi 0 bẹ̀rẹ̀, a ní nọ́ńbà fóònù ló jọ, bí ó bá fi 22 bẹ̀rẹ̀, a ní kó wò ó bóyá ti bánkì ni. Kò kọ̀ ọ́, ó kàn ń béèrè.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Gbogbo ẹni tó bá lóbìí tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kí àwọn àgbàlagbà wá fara hàn kí ìjọba lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láyé, kí owó má baà máa lọ sórí òkú. Ohun tí ìjọba ń wá dára. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá a ló ń dun èèyàn: bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lórí ìlà, fáìlì rẹ̀ nínú ọ̀rá, oòrùn lórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ka ìka ni wọ́n ń lò. Mo dúró ti òṣìṣẹ́ tó ń lò ó. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti ń ṣe oko láti ìgbà náà, gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé e. Iná pupa tàn. Òṣìṣẹ́ náà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nù ún kí ẹ tún un tẹ̀.” Bàbá fi ẹ̀wù nu ìka rẹ̀, ó tún un gbé lé e. Iná pupa. Wọ́n dán ìka yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ́ ti jẹ ìlà ọwọ́ bàbá yẹn tán. Ara gbígbó náà sì máa ń mú un pa rẹ́. Bàbá wò wá, ó ní, “Ṣé ohun tí ẹ̀rọ yín ń sọ ni pé mi ò sí láyé?” Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú wa.

Ó yẹ ká ti mọ èyí tẹ́lẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, ààrẹ tó wà lórí oyè nígbà náà, Goodluck Jonathan, lọ dìbò ní Otuoke, ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kò ka ìka rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn wá, ìyẹn náà kò kà á, ọwọ́ ni wọ́n wá fi ṣe tirẹ̀ kó tó dìbò. INEC gbà lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ti àwọn tí ẹ̀rọ bá kọ̀, nígbà tí wọ́n sì máa gbé BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, jáde ní 2021, wọ́n fi ojú kún ìka. Bí ẹ̀rọ bá lè kọ ààrẹ, ta ni kò ní kọ̀?

Òfin tí a kọ sínú ètò tuntun náà kò gùn: bí ẹ̀rọ bá kọ̀, owó kò gbọ́dọ̀ dúró. A ń wo ojú, bí ojú kò bá ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ méjì á jẹ́rìí, orúkọ wọn á sì wà lákọsílẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn, wọ́n á tọ̀ ọ́ lọ sílé pẹ̀lú fóònù. Àfi kí èèyàn kan fi orúkọ ara rẹ̀ sí i pé òún ti wádìí, pé ẹni náà kò sí mọ́, ni owó tó lè dúró. Àwọn tó ń ṣírò owó bá wa jiyàn lórí èyí gan-an. Wọ́n ní ẹ̀rù ń bà wọ́n pé owó á máa jò. A ní kí wọ́n fi owó tó lè jò náà sórí òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n gbé àgbàlagbà tí kò rí oògùn rà sórí èkejì. Kọ́mísọ́nà ló parí iyàn náà, ó sì gbè sẹ́yìn wa.

Ibi tí ariwo ti ń pọ̀ jù ni owó sísan. Ẹ ti gbọ́ ọ rí: wọ́n ti yọ owó mi, ṣùgbọ́n portal ní mi ò tíì san. Obìnrin oníṣòwò kan na fóònù rẹ̀ sí mi ní ọ́fíìsì, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, alert rèé.” Ọjà ló ti kọ́ ọ pé alert nìkan kì í ṣe owó, pé ó yẹ kí èèyàn yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò kó tó gbé ọjà fún oníbàárà. Ètò ìjọba ni kò mọ ohun tí òun mọ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bánkì á yọ owó, iléeṣẹ́ tó ń gba owó wọlé fún wa á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí sáfà wa, kọ̀ǹpútà tí portal wa wà lórí rẹ̀. Bí iná bá lọ lásìkò yẹn, tí jẹnẹrátọ̀ kò tíì gbà á, tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dákú, ìròyìn náà á dé, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé. Ẹni tó sanwó á rò pé kò wọlé, á tún san òmíràn. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ohun àrà: a máa ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà ìsanwó kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí ẹni náà tó dé bánkì rárá, nọ́ńbà náà kò sì ṣeé san lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìròyìn kò bá dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, sáfà wa fúnra rẹ̀ á lọ bèèrè. Lálaalẹ́, a ń fi gbogbo ohun tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà wé tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú ìwé tí ẹni náà ń wò, a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ ní Yorùbá pé: owó yín kò sọnù, ẹ má tún un san, a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Gbólóhùn kan yẹn mú kí ariwo dín kù ju gbogbo code tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ kàfé tún wà. Nígbà tí a ń wo àkọsílẹ̀, a rí i pé ímeèlì kan ṣoṣo wà lórí ọ̀pọ̀ jaburata fọ́ọ̀mù. Àwọn kan ní oníjìbìtì ni, kí a dí i pa. Mo lọ sí kàfé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹkitéríátì láti wo ẹni náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ìlà àwọn ìyá àti bàbá ló wà níwájú rẹ̀, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè ní Yorùbá, ó ń tẹ ìdáhùn wọn sí i. Ó mọ wákàtí tí portal wa máa ń wúwo. Ó mọ bó ṣe máa dín àwòrán tí wọ́n fi fóònù yà kù kí fọ́ọ̀mù tó gbà á, ohun tó yẹ kí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ti ṣe fún wọn. Òun ni ìjọba tí àwọn èèyàn yẹn mọ̀. Bí a bá dí i pa, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a dí mọ́ ìta.

A wá ṣe ọ̀nà kan fún irú wọn. Wọ́n forúkọ ara wọn sílẹ̀, wọ́n lè tẹ fọ́ọ̀mù fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni fọ́ọ̀mù ni OTP ń lọ, bí fọ́ọ̀mù bá sì ti wọlé, ọmọ kàfé kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. A kọ iye owó tí ìjọba ń gbà sókè fọ́ọ̀mù, torí àwọn kan nínú wọn ń bù lé e kọjá ààlà.

Mo ka ìwé ìtọ́nisọ́nà tí àwọn Government Digital Service, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé sí gbangba. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní 2011, wọ́n ṣí GOV.UK, ojúlé ìjọba wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kẹwàá 2012, ọ̀pọ̀ code wọn náà sì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ó ràn mí lọ́wọ́, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa wo èèyàn níbi tó ti ń lo ohun tí a ṣe. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù àdírẹ́sì wọn gbára lé postcode, àmì kúkúrú tó ń tọ́ka sí àdúgbò. Tiwa ni “lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé alágbẹ̀dẹ, ẹ béèrè Ìyá Bọ́sẹ̀”, àpótí tí wọ́n bá sì ṣe fún àdírẹ́sì ní láti gba ìyẹn bó ṣe rí.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlọ́yẹ̀dé, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ti bà jẹ́ ní ibùdó 157, ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ ìlà-oòrùn gúúsù. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ètò náà dé orí àwọn sáfà kan, kò dé orí àwọn tó ń bójú tó àgbègbè méjèèjì yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ kí èsì tó jáde. Ọ̀gá náà gbà pé ọrùn òun ló wà, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa, tó gbọ́ èyí, kò ní rí oorun sùn. Code tó dára ti wà nílẹ̀. Ohun tó sọnù ni ẹni tó máa bi sáfà kọ̀ọ̀kan léèrè pé, ẹ̀yà (version) wo lò ń lò? Lọ́dọ̀ wa, sáfà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹ̀yà tirẹ̀ sórí ojú ìwé kan tí gbogbo wa ń wò, iṣẹ́ ọjọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀kan bá yàtọ̀. A kì í fi ohun tuntun síta ní ọ̀sẹ̀ tí owó ìfẹ̀yìntì ń jáde.

Àṣírí àwọn èèyàn tó wà lọ́wọ́ wa náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà láti oṣù Kẹfà 2023, ṣùgbọ́n mo ti rí òṣìṣẹ́ tó ń fi ìwé NIN ẹlòmíràn ránṣẹ́ sínú WhatsApp torí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó yá tí wọ́n fún un. Ìbáwí nìkan kò tó. A fi ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ sínú ètò náà fúnra rẹ̀, a sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣí fáìlì ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ní ti kọ́ńtíráàkì, ó yẹ kí ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun: ta ló ni code, orúkọ ta ni àdírẹ́sì portal náà wà, ta ló ní páásíwọ́ọ̀dù sáfà? Ètò kan tí a jogún wà lórí àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ aládàáni kan rà lórúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí òun àti ìjọba tẹ́lẹ̀ jà lórí owó, ó pa á. Àwọn èèyàn tó wà láàárín kò mọ ohunkóhun nípa ìjà náà. Ìwé wọn ni wọn kò rí gbà. Láti ìgbà náà, mi ò gbà kí ohunkóhun tí a bá ṣe wà níbòmíràn ju .gov.ng lọ, èyí tí NITDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ń bójú tó, code sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá ti kọ ìlà àkọ́kọ́. Bí kọ́mísọ́nà tuntun bá dé, tó ní kí a yí àwọ̀ àti orúkọ portal padà, a máa ń ṣe é fún un. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù kí wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìjà tí mò ń bá wọn jà lọ́wọ́ báyìí ni ti owó ìtọ́jú. Nínú ìṣúná, owó máa ń wà láti kọ́ nǹkan tuntun, ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ á wà, fọ́tò á wà. Owó dísìkì (ibi tí sáfà ń tọ́jú nǹkan sí) tó ti kún, owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrátọ̀, owó oṣù ẹni tó máa jí lóru bí owó sísan bá dẹnu kọlẹ̀, kò sí ìlà tí wọ́n kọ ọ́ sí. A ti kọ ọ́ sínú àbá ọdún tó ń bọ̀. Iléeṣẹ́ ètò ìṣúná ní ká wá ṣàlàyé ara wa, àkọsílẹ̀ gbogbo wákàtí tí portal fi kú lọ́dún tó kọjá, àti iye èèyàn tó wà lórí ìlà nígbà kọ̀ọ̀kan, ni mo fẹ́ gbé síwájú wọn.